Èmi Àti Ògiri La Jọ Háyà Ilé

Ẹ gbà mí o. Owó ọdún kan gbáko ni mo san, ṣùgbọ́n ògiri ló ń gbádùn ilé. Nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú Ajégúnlẹ̀ ní oṣù karùn-ún, omi inú ògiri náà kò ju orúnkún mi lọ. Kí oṣù kẹfà tó parí, ó ti dé ìdodo. Mo mọ̀, torí mo máa ń lọ dúró tì í kí n fi ara mi wọ̀n ọ́n.

Mo bẹ bíríkìlà kan pé kó wá wò ó. Ó kan ìsàlẹ̀ ògiri kó kó kó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọn ò tẹ́ ọ̀rá lé ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù. Ọ̀rá lásán! Búlọ́ọ̀kù wá ń fa omi ilẹ̀ sókè bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo, iyọ̀ ilẹ̀ ń bá a gòkè, òun ló ń di lẹ́búlẹ́bú funfun tí ìyàwó mi ń gbá láràárọ̀.

Mo lọ bá onílé. Bàbá ní, “A ó kùn ún.” Wọ́n kùn ún lóòótọ́, ọ̀dà tó ń dán gbinrin. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti wú bí àkàrà inú epo gbígbóná. Mo padà lọ. Bàbá ní, “Ẹ̀wà tí ẹ̀ ń sè nínú ilé yẹn ti pọ̀ jù.”

Inú bí mi, àmọ́ ká má purọ́, a máa ń se ẹ̀wà. A tún máa ń sá aṣọ sí pálọ̀ torí òjò, a sì ń ti fèrèsé pa torí ẹ̀fọn, oru omi kò sì ríbi jáde. Bẹ́ẹ̀, nígbà òjò, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ Èkó ń lé ní ìdá 80 nínú 100 tẹ́lẹ̀! Èmi náà ni mo ti kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri pẹ́kípẹ́kí, tí atẹ́gùn kò ráyè kọjá.

Ibẹ̀ ni agbádá sányán ìgbéyàwó mi àti bàtà mi wà.

Sátidé tí àbúrò ìyàwó mi ṣègbéyàwó, iná ti lọ. Mo fọwọ́ wá agbádá nínú òkùnkùn, mo gbé e wọ̀. Òórùn kan ń tẹ̀ lé mi bí ìdí ìkòkò àmù. Mo rò pé ọkọ̀ tí a wọ̀ ni. A dé gbọ̀ngàn, ìyá ìyàwó mi di èjìká mi mú: “Bàbá Ìbejì, òwú aláwọ̀ ewé yìí mà dára o! Níbo lẹ ti hun ún?”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ńṣe ló bu.”

Wọ́n gbọn ọwọ́ nù, wọ́n sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ní báyìí, kọ́bọ́ọ̀dù ti kúrò lára ògiri, ìkòkò ẹ̀wà ń wọ ìdérí, fèrèsé méjì tó kọjú síra ń ṣí láti àárọ̀ títí ẹ̀fọn á fi jáde. Bàtà mi ò hu irun mọ́. Omi ìdí ògiri nìkan ló kù. Ìyẹn ti ń sún mọ́ àyà mi.

Lánàá ni lẹ́tà onílé dé. Owó ilé ti lé sí i, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kò gba gọ́ọ̀mù rárá, ó lẹ̀.