Ẹ Gbé Ìgbálẹ̀ Pamọ́, Oríire Wà Nílẹ̀

Lọ́dọ̀ tiwa, alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo la fi ń lé ọdún tó gbó jáde. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù Kejìlá, a ó pariwo ní ṣọ́ọ̀ṣì títí aago méjìlá yóò fi lù, a ó dì mọ́ ara wa, a ó yin báńgà díẹ̀, a ó jẹ ìrẹsì, ọdún yí nìyẹn. Kó tó di ọjọ́ kẹta, awakọ̀ ti ń bú èrò, èrò náà sì ń dá a padà fún un. Ní Guangzhou tí mo ń gbé, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Ṣáínà, wọn kò gbà pé oríire lè wọlé wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Lójú wọn, àna tí kì í pẹ́ bínú ni oríire. Ẹ ní láti tún ilé ṣe dè é, ẹ kò gbọdọ̀ fọ́ àwo níṣojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kòbákùngbé kankan kò sì gbọdọ̀ bọ́ lẹ́nu ọmọdé títí yóò fi jókòó dáadáa.

Ọdún Ìrúwé ni ọdún wọn, ọjọ́ 15 gbáko ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n ń tẹ̀ lé, bíi ti Iléyá, ṣùgbọ́n lóòrèkóòrè wọn a fi odidi oṣù kan kún ọdún kí àjọ̀dún má baà sá kúrò láyè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi jáde kúrò láàárín ọjọ́ 21 oṣù Kínní sí ọjọ́ 20 oṣù Kejì. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń kí ìrúwé káàbọ̀, bẹ́ẹ̀ lọ́nà Harbin ní àríwá, odò ṣì dì gbagidi. Èmi tí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn nìkan tọ́ dàgbà, mo ti gbà fún wọn.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Òrìṣà Ìdáná. Ní ilé tí wọ́n ṣì ń pa àṣà mọ́, àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri ilé ìdáná, ó ń wo gbogbo wọn: ẹni tó yọ ẹran nínú ọbẹ̀, ìyàwó tó kùn sí ìyá ọkọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù tó kẹ́yìn ọdún wọn (ọ̀pọ̀ ará gúúsù ń fi sí ọjọ́ 24), yóò gòkè lọ rojọ́ wọn fún Ọba Òkè. Kó tó gbéra, wọn a fi súìtì tó ń lẹ̀ pa á lẹ́nu, kí ọ̀rọ̀ dídùn nìkan lè jáde, tàbí kí ètè rẹ̀ tilẹ̀ lẹ̀ mọ́ra pátápátá. Lẹ́yìn náà ni wọn a sun àwòrán náà kí èéfín gbé e lọ. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Àwọn bàbá wa náà mọ̀ pé kí ẹbọ tó dà, Èṣù ní láti gba tirẹ̀.

Kí ọdún tó wọlé, gbogbo ilé ni wọ́n ń gbá, tí wọ́n ń fọ̀. Tó bá di ọjọ́ kìíní, ìgbálẹ̀ di èèwọ̀, nítorí ẹni tó bá gbálẹ̀ ti gbá oríire síta. Wọn kì í fọ irun, wọn kì í mú ọ̀bẹ. Èyí kò lè ṣàjèjì sí ẹni tí wọ́n ti kìlọ̀ fún nílé pé kò gbọdọ̀ gbálẹ̀ lóru. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé ìyá onílé mi ti gbé ìgbálẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó máa ń jí wa ní ìdájí ká lè gbá àgbàlá ní, "Ṣé ọ̀bùn làwọn tí ò ń bá gbé ni, àbí ìwọ lo ya ọ̀lẹ tí o wá ń purọ́ mọ́ wọn?"

Ti irun gígẹ̀ tún wá. Àwọn ará àríwá ní ẹni tó bá gẹrun nínú oṣù kìíní ọdún, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá rẹ̀ lọ́kùnrin yóò kú. Ọ̀pọ̀ ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ wọn kì í dán an wò. Ọjọ́ kejì oṣù kejì, tí wọ́n ní dírágónì ń gbórí sókè, ni èrò ń tò dé òde lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Òṣogbo, díákónì tí kì í gba ohun asán gbọ́. Ó fi ohùn ránṣẹ́ padà: "Jésù ti borí, èyíinì dá mi lójú. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, irun yẹn ò tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, èyí tó máa ń ru ọkàn wa sókè. Inú àpò-ìwé pupa ni wọ́n ń fi sí. Ní Guangzhou, àwọn tó ti ṣègbéyàwó ló ń fún àpọ́n, ìbáà jẹ́ àpọ́n tó ti hu ewú. Nílé, ẹni tó pé ogójì ọdún láìgbéyàwó, àdúrà àti ìbéèrè la fi ń ta á lọ́rẹ. Níhìn-ín, wọ́n á bi í ní ìbéèrè náà tán, ṣùgbọ́n wọ́n á sanwó ìtìjú fún un. Owó náà kì í pọ̀, yuan 5 sí 20 ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní láti jẹ́ owó tuntun, mẹ́rin kò sì gbọdọ̀ sí nínú iye rẹ̀, torí ìró mẹ́rin fara jọ ti ikú létí wọn. Ilé gogoro mìíràn tilẹ̀ ń ti àjà kẹta fò sí ìkarùn-ún. Ẹni tó gbà á kò gbọdọ̀ tú u wò lójú ẹni tó fún un. Ibẹ̀ ni àánú wọn ti ṣe mí. Owó tí ẹnikẹ́ni kò rí kí a tó fi tọrẹ, ṣé owó ni? Iwájú orí olórin ni tiwa ń lẹ̀ mọ́, kámẹ́rà sì gbọ́dọ̀ ká a, bí òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 tilẹ̀ sọ níná náírà lójú agbo di ẹ̀ṣẹ̀. Láti 2014 tí áàpù WeChat ti gbé àpò pupa wọ inú fóònù, ọ̀gá lè ju owó sáàárín ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí gbogbo wọn máa fi àtàǹpàkò jà du ú. Ìyẹn ló jọ òde àríyá wa.

Ti gbèsè ni ìbá wù mí ká yá lọ́dọ̀ wọn. Àṣà ni pé kí onígbèsè san gbèsè kí ọdún tó yí. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kìíní bá sì ti mọ́, olówó kò gbọdọ̀ sin ín lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, láyé àtijọ́, àìsùn ọdún gan-an ni onígbèsè ń sá pamọ́. Ológò tiwa, ẹni tí wọ́n máa ń rán lọ sin gbèsè láyé àtijọ́, kò ní gbà fún un: ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni yóò jókòó sí, adìẹ rẹ̀ ni yóò sì máa pa jẹ.

Ẹ̀yin oníṣòwò Balógun àti Aláàbà tí ẹ ń ra ọjà ní Ṣáínà, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ ọdún yìí kàn jù. Àwọn òṣìṣẹ́ á ti ilé iṣẹ́ pa, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí abúlé wọn, ilé iṣẹ́ mìíràn kì í sì ṣí títí ọjọ́ 15 yóò fi pé. Kò sí ìpè fóònù tó lè jí ọ̀gá wọn. Ní 2027, ọjọ́ 6 oṣù Kejì ni ọdún náà bọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọjà rẹ̀ ní Àpápá kí Ọdún Àjíǹde tó dé, kó ti sanwó rẹ̀ tán kí Kérésì tó kọjá.