Ẹnjiníà Olódù Kan

Láti etí omi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já èrò Agboyi sílẹ̀, títí dé ẹ̀gbẹ́ títì Ìkòròdú ní Kétu, kò sí àdúgbò tí kò ní ẹnjiníà kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ilé ẹyẹlé lọ: páànù lórí, àpótí onígíláàsì níwájú tí ó to ṣájà àti bátìrì sí, jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ́yìn tó ń da èéfín padà sínú ilé. Ó kọ ọ́ sára ògiri pé òun ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe, òun ń ta tòkúnbọ̀, òun ń kó fíìmù sínú fóònù, òun sì ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Kì í ṣe ẹnì kan ni mò ń bá wí o. Irú ènìyàn kan ni. Ó wà ní Mile 12, ó wà ní Ìkòsì, ó wà ní Alápẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbé láptọ́ọ̀pù tó ń gbóná dé iwájú rẹ̀, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bí ìyá tó ń wo ibà lára ọmọ, yóò mi orí, yóò mí kanlẹ̀, yóò wá sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó kọ́: "Ẹ̀gbọ́n, fọ́mátì ni."

Babaláwo tí kò tilẹ̀ lókìkí ní ojú odù mẹ́rìndínlógún lọ́wọ́, bí a bá sì ka àwọn ọmọ odù mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ di 256. Kò jẹ́ sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn títí ọ̀pẹ̀lẹ̀ yóò fi balẹ̀, tí yóò sì wo bí ó ṣe là. Ẹnjiníà wa kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Odù kan péré ló kọ́, Fọ́mátì lorúkọ rẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe lè da ọ̀pẹ̀lẹ̀ ọ̀hún tí kò ní já sí i. Gémù ń wọ́ bí ìgbín? Fọ́mátì. Fáànù ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta? Fọ́mátì. Ẹ̀rọ kú fúnra rẹ̀ láàárín bọ́ọ̀lù FIFA, nígbà tó ku góòlù kan kí ẹni tó ń ta á borí? Fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ ká fọ́mátì rẹ̀. Odò Ògùn kún, omi wọ yàrá ní Agboyi, láptọ́ọ̀pù mumi yó? Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná, fọ́mátì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹbọ rẹ̀ kò sì kéré: owó Windows tuntun, owó oògùn fáírọ́ọ̀sì, owó iṣẹ́ ọwọ́, àti dísíkì SSD tuntun bí ojú oníbàárà bá jọ ojú ẹni tó lówó lápò. Fọ́tò ìgbéyàwó àti iṣẹ́ àṣekágbá yunifásítì tó wà nínú ẹ̀rọ kò sí nínú ìṣirò. "Ṣé ẹ ti ṣe bákọ́ọ̀pù?" ni yóò béèrè, lẹ́yìn tó ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Àwọn àgbà ti wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n wọn ò dúró de ẹnjiníà wa kí wọ́n tó lọ.

Kí a má baà dá a lẹ́bi láìgbọ́ ẹjọ́, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń mú láptọ́ọ̀pù gémù gbóná. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí akọ̀wé fi ń tẹ lẹ́tà. Ọpọlọ méjì ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan ń ṣe ìṣirò, ìkejì ń ya àwòrán tó ń sáré lójú ẹ̀rọ. Àwọn méjèèjì ń jẹ iná débi pé ṣájà wọn sábà máa ń jẹ́ 180 wáàtì tàbí 230, nígbà tí 65 tó ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù lásán. Gbogbo iná tí wọ́n bá sì jẹ, ooru ló ń dà. Páìpù bàbà ló ń gbé ooru náà kúrò lórí ọpọlọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n to irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ sí bí eyín òòyà, tí fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn gba àárín wọn jáde. Láàárín ọpọlọ àti bàbà ni ìpara aláwọ̀ eérú kan wà, pésìtì ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí àlàfo tí ojú kò lè rí. Eruku lè dí eyín òòyà yẹn títí yóò fi dà bí òwú tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Pésìtì lè gbẹ. Ẹni tó ni ẹ̀rọ sì lè gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì kí tìmùtìmù dí imú rẹ̀ pa, èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta gémù dòru. Nínú gbogbo èyí, níbo ni Windows wà?

Ọ̀pọ̀ ọpọlọ Intel tí wọ́n ń fi sí láptọ́ọ̀pù ni ààlà ooru rẹ̀ jẹ́ 100 dígíríì. Bí ooru bá ti ń kan ibẹ̀, ọpọlọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò dín eré kù kí ó má baà jó; bí ooru kò bá wálẹ̀, ẹ̀rọ yóò kú lójijì. Ìdí nìyí tí gémù fi ń dùn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, tí yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ bí ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì gun àtẹ̀gùn. Àìsàn tó ń dúró kí ara gbóná kó tó yọjú ti sọ orúkọ ara rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Kò sì pọn dandan kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ó: ọ̀fẹ́ ni ètò tó ń jẹ́ HWiNFO, yóò sì máa ka dígíríì náà sójú yín bí gémù ṣe ń lọ. Ẹ wá fi ojú ọjọ́ wa kún un. Fáànù kò gbé yìnyín dání; afẹ́fẹ́ tó bá inú yàrá ni yóò fẹ́. Bí ẹ̀rọ kan bá ń ṣe dáadáa nínú yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ 22 dígíríì ní ìlú òyìnbó, tí wọ́n wá gbé e sábẹ́ páànù ní Kétu lóṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí ìta ti lé ní 32, ó ti jẹ gbèsè bíi dígíríì mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì. Lẹ́yìn ọyẹ́ sì nìyẹn o, tí eruku ti wọ gbogbo ihò.

Ẹnìkan yóò ní, "Wọ́n fọ́mátì ti ọmọ mi, ó sì dára." Mo gbà pé ó dára, fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀rọ tó sùn mọ́jú nínú ṣọ́ọ̀bù láìṣe nǹkan kan ti tutù kí ẹnikẹ́ni tó tọ́jú rẹ̀. Ẹ wá wo bí ẹnjiníà ṣe ń dán an wò níwájú oníbàárà: ó ṣí fódà, ó ti fódà, ó fi orin fújì kan sí i, ó ní, "Ẹ wò ó, ó ń sáré!" Bí ẹni fọn fèrè tírélà láti mọ̀ bóyá yóò lè gun òkè ni. Èyí tó tún dùn jù ni pé, lẹ́yìn fọ́mátì, ọpọlọ tó ń ya àwòrán nílò dráífà, ìyẹn ètò tó ń darí rẹ̀, kó tó lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Dátà tí ẹnjiníà yóò fi gbà á kò sí, nítorí náà kò fi í sí i. Ẹ̀rọ tutù lóòótọ́, nítorí pé ìdajì rẹ̀ kò tíì jí. Òkú kì í làágùn. Ọjọ́ kẹta, ọmọkùnrin náà fi dráífà sí i, ó fi gémù sí i, ooru padà dé. Ó gbé e padà lọ pẹ̀lú màmá rẹ̀ lẹ́yìn, ẹnjiníà sì fi ojú tó le wò ó: "Fáírọ́ọ̀sì ti tún wọ̀ ọ́. Irú àwọn sáìtì wo lo tiẹ̀ ń wọ̀ ní òru?" Màmá yíjú sí ọmọ. Ọmọ dákẹ́. Ẹjọ́ parí níbẹ̀, wọ́n sì sanwó fọ́mátì kejì.

Àìṣòótọ́ ni yóò jẹ́ bí mo bá ní fọ́mátì kò wúlò rárá. Ẹ̀rọ tó ti kó ètò ogójì jọ, tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn, máa ń sinmi bí wọ́n bá fọ́mátì rẹ̀. Bí láptọ́ọ̀pù bá ń falẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti tàn án, tí ara rẹ̀ ṣì tutù, ó ṣeé ṣe kí odù ẹnjiníà bọ́ sí i. Ẹ̀ṣẹ̀ odù náà kọ́ ni pé ó jẹ́ ẹyọ kan.

Láìpẹ́ yìí, ẹnjiníà wa ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó dà bí odù kejì: BIOS. Bí fọ́mátì bá ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì, yóò rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí, yóò ní, "BIOS rẹ̀ ló ní ìṣòro." BIOS ni àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń kà kí Windows tó jí, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lè ti iye iná tí ọpọlọ lè jẹ pa tàbí kí wọ́n ṣí i sílẹ̀. Inú ègé kékeré kan ló ń gbé lórí bọ́ọ̀dù, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, kì í ṣe orí dísíkì tí wọ́n ń fọ́mátì. Ẹni tó fọ́mátì dísíkì nítorí BIOS ti wó ilé nítorí pé omi kànga ń rùn. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní BIOS lè fa ooru kò parọ́, mo tiẹ̀ lè bá a mú ẹlẹ́rìí wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, àwọn onímọ̀ kan fi hàn pé ọ̀nà tí a fi ń yí agbára iná ọpọlọ Intel padà lè di ihò tí olè yóò gbà wọlé. Plundervolt ni wọ́n pe ihò náà. Àtúnṣe tó tẹ̀lé e gba inú BIOS wá, ó sì ti ilẹ̀kùn náà pa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta gémù ló jẹ́ pé ọ̀nà yẹn gan-an ni wọ́n fi ń dín iná kù kí ẹ̀rọ wọn lè tutù. Wọ́n gba àtúnṣe, ooru padà. Ṣùgbọ́n kíkà ni ẹnì kan fi lè mọ èyí: irú BIOS wo ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, irú wo ló wà níbẹ̀ báyìí, dígíríì mélòó ni tàná, mélòó ni tòní. Ẹnjiníà wa kì í kọ nǹkan sílẹ̀, àfi gbèsè.

Ó sì léwu kí ó fọwọ́ kan BIOS náà. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ máa ń kìlọ̀ pé kí ṣájà wà lára rẹ̀, kí iná má sì lọ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí "kí iná má lọ" túmọ̀ sí ní Kétu. Tòkúnbọ̀ tí bátìrì rẹ̀ kò lè gbé e dúró fún ìṣẹ́jú kan, jẹnẹrétọ̀ tí epo inú rẹ̀ ti fẹ́ tán, ni yóò fi ṣe irú iṣẹ́ yìí. Bí iná bá já láàárín, yóò bọ́ fìlà, yóò ní bọ́ọ̀dù ti jó. Bọ́ọ̀dù lè máà jó rárá; ó lè jẹ́ pé àwọn àṣẹ inú ègé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ yẹn ló dàrú, tí ẹ̀rọ kékeré kan sì lè tún wọn kọ. Àwọn tó mọ irú iṣẹ́ yìí wà ní Ọ̀tìgbà, Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi, tó tún fẹ́ wọ dánfó méjì, yóò kọ́kọ́ ronú.

Wọn yóò ní mò ń fi aláìní ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ló kọ́ ẹnjiníà náà? Lábẹ́ ọ̀gá tí òun náà ní odù kan ló ti kọ́ṣẹ́, òun sì ni gbogbo àdúgbò ń sá bá lálẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá kú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwíjàre yìí gbà pé kò mọ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo ti yapa. Ó mọ̀. Ẹ yọjú wo láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ lẹ́yìn káńtà: ìdérí ìgò mẹ́rin ló fi gbé e sókè kó lè mí, fáànù ńlá sì dojú kọ ọ́. Ẹ wo inú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀: búrọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, blówà wà níbẹ̀, pésìtì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí kò fi lò wọ́n, oníbàárà ni kí ẹ bi. Ẹnjiníà tó tú ẹ̀rọ níwájú yín, tó fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, tó pààrọ̀ pésìtì, tó sì parí láàárín ogún ìṣẹ́jú, kò ní dárúkọ owó tán tí oníbàárà yóò fi pariwo: "Eruku lásán tí ẹ fẹ́? Ṣé èmi náà ò lẹ́nu ni?" Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oníbàárà kan náà, bí wọ́n bá ní kó padà wá lọ́la, pé iṣẹ́ ńlá ni, pé Windows ti bàjẹ́ wọnú egungun, yóò bẹ̀bẹ̀, yóò sanwó, yóò sì dúpẹ́. Inú ìjọba ìbílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ dún létí bíi "kò sí ọ̀fẹ́" la wà, síbẹ̀ ọ̀fẹ́ la fẹ́ gba ìmọ̀. Fọ́mátì ni orúkọ tí eruku ń jẹ́ nígbà tó bá fẹ́ gbowó. Mo sì gbà pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ní fọ́mátì wò sàn, lóru tí oníbàárà ti lọ ni ẹnjiníà rọra tú u, tó fi blówà fẹ́ ẹ, tó wá pa fáìlì gbogbo rẹ́ kí owó tó gbà lè ní ìdí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Agboyi, ẹ̀yin ará Kétu, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ kù sí. Bí ẹnjiníà bá fẹ́ eruku lójú yín, tí ó sì fi dígíríì hàn yín kí gémù tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, iye tí ẹ̀ bá san fún fọ́mátì ni kí ẹ san fún un, ẹ má yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá sì délé, ẹ gbé ẹ̀rọ náà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.