Ẹja Inú Ìkọ́kọrẹ́

Ìwé ló kó bá mi. Akéwì ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Kenneth Koch, tó kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní New York bí a ṣe ń kọ ewì, tó sì gbé ìwé jáde lórí ẹ̀ ní 1970 àti 1973. Bí mo ṣe kà á tán, orí mi wú. Kí ni New York ní tí àwa ò ní? Àwa tí à ń ki ọba, tí à ń ki ọmọ tuntun, tí àwọn oníjàálá wa ń ki erin, ẹfọ̀n, títí kan ọ̀bọ! Bí iléèwé ṣe gba ọlidé gígùn, mo gba yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Ṣágámù, mo lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kí wọ́n kó ọmọ wá kọ́ oríkì ẹ̀fẹ̀. Àwọn òbí rò pé lẹ́sìn ìṣirò ni. Wọ́n kó wọn wá.

Ará Ìbàdàn ni mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ kọ àpẹẹrẹ sójú pátákó. Mo ki obì, torí ta ni yóò dé Ṣágámù tí kò ní rántí gbàǹja tí àwọn Hausa ń kó láti ibẹ̀ lọ sí Òkè Ọya? Gbogbo ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ ni mo kó sínú ẹ̀, mo kà á sókè, mo ń gbọn ohùn. Nígbà tí mo parí, ọmọbìnrin kékeré kan níwájú nawọ́.

“Tíṣà, ta ló kú?”

Mo yí ọwọ́ padà. Koch máa ń ní kí ọmọ bi ẹranko ní ìbéèrè, bí William Blake ṣe bi ẹkùn nínú ewì rẹ̀. Èmi náà ní kí wọ́n bi ẹranko tó bá wù wọ́n. Ọmọkùnrin kan bi ewúrẹ́ àdúgbò wọn tó sọnù pé ta ló pa á jẹ, ó sì dárúkọ ẹni tó fura sí. Títí di òní olónìí, ọ̀dọ̀ mi ni ìwé yẹn wà.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan, tó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, ní òun fẹ́ ki Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn. Ìkẹ́nnẹ́ náà ni wọ́n bí bàbá sí ní 1909, ìjọba rẹ̀ ló sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní 1955. Kí lèèyàn tún ń wá? Àṣé Awólọ́wọ̀ orí náírà ló ń kì ní tiẹ̀:

Bàbá onígíláàsì róbótó,
tó ń wò wá bí a ṣe ń ná an.
Wọ́n ní ẹ máa ń ra búrẹ́dì nígbà kan;
ọgọ́rùn-ún náírà, ẹ rọra o,
píọ̀wọ́tà nìkan lágbára yín ká mọ́.

Mo fajú ro. Mo ní a kì í ki àgbà báyẹn, kó pa ìlà mẹ́ta ìsàlẹ̀ rẹ́. Ó pa á rẹ́. Èyí tó kù kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé n kò mọ̀ pé oríkì kì í bo àléébù o. Karin Barber gbé Òkukù, ó kọ odindi ìwé lórí oríkì wọn ní 1991, mo sì ti kà á pé ẹnu tó ń gbé olóyè ga náà ló ń já àṣírí rẹ̀. Ojú mi ló kà á, kò dé ọwọ́ tó mú bírò pupa.

Bírò pupa yẹn náà ló tún kó mi sí ti ìkọ́kọrẹ́. Ọmọbìnrin tó bi mí pé ta ló kú ló kọ ọ́. Níbi tó ti kọ “ìkọ́kọrẹ́”, mo fa igi lé e, mo kọ “àsáró” sí i lórí. Ewùrà, epo, ata: kí ni ìyẹn bí kò ṣe àsáró? Kíláàsì pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn bú sí ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní rírin ni wọ́n ń rin ewùrà, wọn kì í gé e. Wọ́n á fi ọwọ́ bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ tó ń hó, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ rò ó títí yóò fi dì. Ẹnì kan sọ jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́yìn pé, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ará òkè ni wọ́n.”

Ojú tì mí, mo sì búra pé n kò tún ní fọwọ́ kan ìlà kankan mọ́. Bí mo ṣe gbé àṣìṣe mìíràn dìde nìyẹn. Lọ́jọ́ àṣekágbá, àwọn òbí kún yàrá. Mo ti kọ́kọ́ fọ́nnu fún wọn pé gbogbo ohun tí wọ́n máa gbọ́, èmi ni mo kọ́ wọn, láti ìlà dé ìlà. Ọmọ náà bá bọ́ síwájú:

Ìkọ́kọrẹ́ màmá mi,
ó wọ ìkòkò ní funfun, ó da aṣọ epo bora jáde.
Ẹja ń bẹ nínú rẹ̀, à ń gbọ́ òórùn;
ṣíbí Dádì nìkan ló mọ ilé ẹ̀.
Ẹja, bí o bá ti dé abọ́ Dádì,
bá wa kí àwọn ará ibẹ̀.

Ẹ̀rín sọ. Bàbá rẹ̀ ń wo bàtà ara rẹ̀. Màmá rẹ̀, tó wọ léèsì jókòó níwájú gan-an, kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde.

“Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ?”

Mo fẹ́ sọ pé rárá, àmọ́ ẹnu mi ti fọ́nnu kọjá ibẹ̀.

Nígbà tí mo tún rí ọmọ náà, kúlà ló gbé dání. Ó ní, “Màmá mi ní kí ẹ jẹ ẹ́ níwájú gbogbo wa, kí ẹ sì máa ka ẹja.” Mo ṣí i: ṣáwá kún un dé ọmọrí, agbára káká ni mo fi rí ewùrà. Mo kà dé ìkẹta kí eegun tó há mi lọ́fun. Bí mo ṣe ń wúkọ́, tí mo ń nawọ́ wá omi, mo rí wọn tí wọ́n ń ṣí ìwé, tí wọ́n ń yá ara wọn ní bírò.