Adìyẹ Tó Gbé Abẹ́rẹ́ Mì

Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Adìyẹ ayé àtijọ́ gbọ́ràn. Ti òde òní ló ń lanu, abẹ́rẹ́ tó sì ń gbé mì ni LS3/5A, sípíkà kékeré tí àwọn ẹnjiníà BBC ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970.

Iṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Inú ọkọ̀ tí BBC fi ń gbóhùn sáfẹ́fẹ́ láti òde há, sípíkà ńlá kò ráyè níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń tọ́jú ohùn gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá olóòtú ń ránmú ni àbí ohùn rẹ̀ já gaara. Wọ́n bá kan àpótí tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 19. Ẹ tú u wò. Pákó rẹ̀ kò nípọn, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni: wọ́n lẹ ọ̀dà bíi ti ojú títì mọ́ ọn nínú, kí ariwo ara pákó lè tètè kú. Wọ́n fi aṣọ onírun yí ẹnu kékeré tó ń gbé ohùn òkè ká, kí ohùn má baà gbá etí àpótí padà. Ilé iṣẹ́ KEF ló ṣe ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kékeré àti ńlá. Àpótí tó kéré tó báyìí, tí wọ́n dé pa, kò lè bú bíi ìlù ńlá. Wọ́n wá gbé ohùn tó wà lókè díẹ̀ sí báàsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀, ga, etí fúnra rẹ̀ á sì bá wọn parí èyí tó kù. Ẹ̀tàn ni, ṣùgbọ́n mo kí wọn.

BBC fún àwọn ilé iṣẹ́ bíi Rogers, Chartwell, Spendor àtàwọn mìíràn láṣẹ láti máa ṣe é, ó kàn jẹ́ pé òṣùwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bá mu. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ lónìí, kí wọ́n gbé òmíràn síbẹ̀, kí iṣẹ́ máa lọ.

Ohun tí wọ́n ṣe kó má yàtọ̀ síra yìí gan-an ni àwọn olówó, adìyẹ òde òní wa, wá ń tìtorí ìyàtọ̀ rẹ̀ jà. Ti Rogers lọ́kàn, ti Chartwell lẹ́mìí. Èyí tí ìdènà iná rẹ̀ jẹ́ ohm 15 ni ojúlówó, ohm 11 tó dé ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni ọmọ àlè. Wọ́n á wá sípíkà méjì tí nọ́ńbà wọn tẹ̀lé ara wọn kiri bí ẹni ń wá ìbejì tó sọnù, wọ́n á ra wáyà tówó rẹ̀ ju ti sípíkà lọ. Obìnrin á máa kọrin lọ́wọ́, èémí tó fà sínú ni wọ́n ń tẹ́tí sí. Kó tó dé ìsọ̀rí kejì, wọ́n ti pa á láti pààrọ̀ wáyà.

Ká ní ẹnjiníà inú ọkọ̀ yẹn yà kí wọn nílé, tó béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni olóòtú wí?", Rogers ni wọ́n máa dá a lóhùn, ohm 15.