Ìṣẹ́jú Mẹ́rìnlá sí Ìbàdàn

Àṣìṣe ìṣirò kan wà tó ti mọ́ mi lára, mi ò sì rò pé èmi nìkan ló ń ṣe. Bí a bá fa ìlà tààrà láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà dé ti Alákíà n'Ìbàdàn, kò ju nǹkan bí 113 kìlómítà lọ. Bàálù ATR 72, irú èyí tó ní fáànù lápá méjèèjì, ń sá tó 500 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ pín in fúnra yín: kò pé ìṣẹ́jú 14. Ìṣirò yìí ni mo fi ń wo àwọn tó ń wọkọ̀ Ìbàdàn ní Kétu bí ẹni tí ojú ò tíì là. Ẹ forí jì mí. Bàálù kì í gba ibi tí rúlà mi gbà. Àríwá sí gúúsù ni ọ̀nà méjèèjì tí bàálù ti ń sáré gbéra n'Ìkẹjà tẹ́ sí, bàálù sì máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́ kó tó dìde. Láti apá òkun ni afẹ́fẹ́ wa sábà máa ń fẹ́ wá. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń lọ Ìbàdàn á kọ́kọ́ dojú kọ òkun ná, kó tó wá yí padà. Bó bá dé Alákíà, ó tún lè ní láti ré ibẹ̀ kọjá, kó ṣẹ́rí padà, kó tó balẹ̀. Eré bàálù náà ò tíì le tán tí yóò fi máa sọ̀ kalẹ̀. Ìṣẹ́jú 14 á wá di nǹkan bí ìdajì wákàtí.

Ará Kétu tó bá fẹ́ wọ bàálù náà á kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí Ìbàdàn. Ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1978, tó gùn ju kìlómítà 127 lọ, ẹ̀gbẹ́ wa níbí ló ti bẹ̀rẹ̀, ní Toll Gate àtijọ́ nítòsí Ọjọ́ta. Èrò bàálù á fi í sílẹ̀, á kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Maryland, á kọrí sí Ìkẹjà. Wọ́n á ní kó bọ́ bẹ́líìtì, á fọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, á wá jókòó de ohùn inú ẹ̀rọ tó máa ń fi sùúrù tọrọ àforíjì. Ní gáréèjì Kétu, agbèrò á máa pariwo pé ó ku ẹnì kan, nígbà tó jẹ́ ẹni mẹ́rin péré ló wà nínú ọkọ̀. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tó ṣeé kà ni, torí àga tó ṣófo wà níwájú ẹni. Bí wọ́n bá ní bàálù á pẹ́, kí la fẹ́ kà?

Ẹnì kan á ní ajínigbé ń bẹ lọ́nà, pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kárà nìkan lè gba ìdajì ọjọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Òótọ́ ni. Lálẹ́ Ẹtì àkọ́kọ́ inú oṣù, tí èrò bá ń rọ́ lọ sí Redemption Camp tó wà lójú ọ̀nà náà, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹni tó bá sì ti Àbújá dé, tó ti wà n'Ìkẹjà tẹ́lẹ̀, ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n á tún bi mí pé kí la wá ń fi bàálù ṣe? Ohun tí rúlà mi ò kà ló dáhùn ìyẹn: ìdúró n'Ìkẹjà kì í gùn sí i torí pé ibi tí à ń lọ jìnnà. Ohun tó gbà lọ́wọ́ èrò Ìbàdàn ló ń gbà lọ́wọ́ èrò Àbújá; ọ̀nà ilẹ̀ ló ń gùn. Àbújá ju 500 kìlómítà lójú òfurufú, ìdúró wákàtí kan tàbí méjì ò já mọ́ nǹkan níbẹ̀. Àkúrẹ́ tó nǹkan bí 230, ibẹ̀ ni mo pa ààlà sí. Ìlọrin fi díẹ̀ jù ú lọ, ó yẹ kí bàálù borí níbẹ̀ náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń da orí mi rú: Alákíà ò dé ibẹ̀, Ìlọrin sì ti ré e kọjá, àfi kéèyàn fò kọjá lórí ilé ara rẹ̀ kó tó wá wọkọ̀ padà.