Ọba Tó Ń Fi Aṣọ Funfun Bo Ìka

Àwọn àgbà ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ọba àtijọ́ ni wọ́n ń wí, ọba tó mọ ìka tó ṣẹ̀, tí ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ sì mú. Ọba tòde òní, ìyẹn ayàwòrán àmì ilé iṣẹ́, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Ṣómólú nílùú Èkó, fáànù ń fẹ́ ẹ, CorelDRAW tó fi ń yàwòrán ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Bí ìka bá ṣẹ̀, aṣọ funfun ló máa fi bò ó, á ní òun ti gé e.

Ẹ jẹ́ ká mú àmì kọ́kọ́rọ́, tí àwọn alágbàtà ilé fẹ́ràn bí ẹni pé òfin ni. Ọ̀pá rẹ̀ ò ní wàhálà: ẹ fa àpótí gbọọrọ kan, ẹ fi òbíríkítí lé e lórí. Eyín rẹ̀ ni iṣẹ́ wà, torí ó di dandan kí a gé ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà wọnú. Ọ̀gá wa ò gé nǹkan kan. Ó ya àpótí kéékèèké mẹ́ta, ó kùn wọ́n ní funfun, ó tò wọ́n lé ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá lórí. Ojú ìwé tó ń ṣiṣẹ́ lé náà funfun, ni eyín bá yọ dáadáa. Oníbàárà rí i lórí WhatsApp, ó ní ó dára, ó san àsansílẹ̀.

Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà funfun, àṣírí bò. Ọjọ́ tí alágbàtà bá ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀wù búlúù ni páálí funfun mẹ́ta á lẹ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ lára, bí ìgbà tí ìjọba ìbílẹ̀ kun etí títì ní funfun de gómìnà, tí kòtò àárín títì ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ìyẹn ṣì kéré. Sítíkà ló ń dájọ́.

Plotter tó ń gé sítíkà ò mọ funfun, kò mọ pupa. Ìlà ló mọ̀. Ó gé ọ̀pá gbọọrọ láìsí eyín, ó tún padà wá gé àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ara ọ̀pá kọjá, ó gé òbíríkítí la ọrùn rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan di ègé wẹ́wẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tó ń ṣí ìyókù kúrò ò mọ ègé tó jẹ́ eyín yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ àlàfo. Ó ṣí èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀, ó fi èyí tó yẹ kó ṣí sílẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí, kọ́kọ́rọ́ ilé wo lèyí?”

“Ẹ má bínú, sà, ọ̀bẹ ẹ̀rọ ló ti kú.”

Ọ̀bẹ ò kú o. Ọ̀bẹ gbọ́ràn ni. Irú ìlà wíwọ́ tí à ń fà lórí kọ̀ǹpútà yìí, wọn ò ṣe é fún ìran wíwò. Ní ilẹ̀ Faransé, Paul de Casteljau ti ń ṣírò rẹ̀ ní 1959 nílé iṣẹ́ Citroën, àmọ́ ilé iṣẹ́ náà fi ṣe àṣírí. Pierre Bézier ti Renault ló gbé tiẹ̀ síta láàárín ọdún 1960 sí 1969, orúkọ rẹ̀ ló sì mọ́ ìlà náà lára. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí wọ́n ṣe máa júwe ara ọkọ̀ fún ẹ̀rọ tó ń gé e. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ápù tó jẹ́ àmì ilé iṣẹ́ Apple. Rob Janoff ló yà á ní 1977, tó gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ojú má baà ṣì í mú fún ṣẹ́rì. Ká ní funfun ló fi bò ó ni, ẹ̀yìn fóònù dúdú ì bá ti tú u fó.

Gígé gan-an ò le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba inú kọ̀ǹpútà kì í béèrè ẹni tó ṣẹ̀. Ipò ló ń wò. Ní Inkscape, ohun èlò ìyàwòrán míì tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, èyí tó wà lókè ló ń gé èyí tó wà nísàlẹ̀: ẹ yan méjèèjì, ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, ti òkè á pòórá, ojú ìgé á kù. Ní CorelDRAW, èyí tí ẹ bá fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn ni Trim ń gé. (Ó mọ ilé iṣẹ́ wa dáadáa: ẹni tó dé gbẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá dúró.) Ṣùgbọ́n Trim kì í bá yín kó àpótí tó ṣe ọ̀bẹ kúrò lójú ìgé. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń sọ̀rètí nù: wọ́n tẹ Trim, àpótí ṣì jókòó síbi tó wà, wọ́n rò pé kò gé, wọ́n tẹ Undo, wọ́n padà sídìí funfun. Ẹ sún àpótí yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ tó bínú.

Ẹni tó bá fẹ́ rí òótọ́, kó lọ sí View, kó tẹ Wireframe. Outline ni Inkscape ń pè é. Gbogbo àwọ̀ á bọ́, ìlà nìkan á kù. Ohun tí plotter ń rí nìyẹn, òun ló sì yẹ kí oníbàárà béèrè kó tó sanwó.

Ní báyìí, bí sítíkà bá bàjẹ́, owó ọmọ tó wà nídìí plotter ni wọ́n ń gé. Ẹni tó kun àpótí ní funfun ti gbowó tiẹ̀, ó ti délé. Ẹ̀yin ọ̀gá onítẹ̀wé, ẹ ṣí fáìlì náà ní Wireframe kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan owó ọmọ ọlọ́mọ. Bẹ́ ẹ bá bá àpótí níbẹ̀, ẹni tó yà á ni kẹ́ ẹ ní kó ra sítíkà míì.