Bùráúsà Kọ Àlejò: Ìdáhùn sí Ẹ̀sùn Àwọn Òǹkàwé

Bùráúsà ni ètò tí wọ́n fi ń ṣí ojú ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú bíi Chrome, Firefox àti Edge, àfikún sì ni ètò kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọn kí ó lè máa ṣe iṣẹ́ tí wọn kò dá mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀, bíi kí ó dènà ìpolówó, kí ó túmọ̀ èdè, tàbí kí ó bá onígbàgbé tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Extension ni òyìnbó ń pè é, orúkọ yìí sì ti kó ìdààmú bá àwọn kan, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá, okùn iná oníhò mẹ́rin tí gbogbo ará ilé ń jà sí nígbà tí iná bá dé ni ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n. Ẹ̀sùn tó dé abala yìí lóṣù yìí kò kan okùn iná. Ó kan àfikún tó kọ̀ tí kò wọlé, ó sì dá gbogbo olùfisùn lójú pé aráyé ló wà nídìí rẹ̀. Olùdáhùn kò bá wọn jiyàn aráyé, ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé bùráúsà kì í sábà lé àlejò láìsọ ìdí, pé gbólóhùn kan ni ó máa ń gbé jáde, àti pé gbólóhùn yẹn gan-an ni olùfisùn máa ń yára pa rẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Bàbá Ìbejì, tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tó ti dàgbà, tó sì ṣàlàyé pé ìsọ̀ àfikún Chrome kò ṣí fún òun, pé ìkìlọ̀ kan ni ó ń jáde tó ń sọ pé ọ̀nà náà kò láàbò, pé òun ti ra dátà lẹ́ẹ̀mẹta, òun ti pààrọ̀ síìmù, òun sì ti fi òróró àdúrà pa ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà. Nínú àwòrán tó fi ránṣẹ́, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, aago kọ̀ǹpútà náà wà ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2010. Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ni pé kí Bàbá Ìbejì má ṣe kánjú kúrò níbẹ̀, nítorí pé lọ́dún yẹn wọn kò tíì bí àwọn ìbejì, owó ilé-ìwé ẹnikẹ́ni kò sì tíì wọlé. Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni Google ṣí ìsọ̀ náà, tí yóò fi jẹ́ pé oṣù mọ́kànlá gbáko ni yóò fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé gbogbo ojú ìwé tó láàbò ní ìwé ẹ̀rí, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí bùráúsà ń yẹ̀ wò kí ó lè mọ̀ pé ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe ayédèrú, ìwé ẹ̀rí náà sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Bí aago kọ̀ǹpútà bá ní ọdún 2010 ni ayé wà, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n kọ lọ́dún yìí yóò dà bí ìwé ìgbéyàwó ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò tíì lóyún, oníbodè tó bá sì gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọlé ló yẹ kí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́. Bátìrì pẹlẹbẹ kan tó rí bí owó wẹ́wẹ́, tí wọ́n sábà máa ń kọ CR2032 sí lára, ni ó ń bá kọ̀ǹpútà ṣọ́ aago nígbà tí kò bá sí iná, bí ó bá sì ti kú, aago á sá padà sí ọjọ́ tí wọ́n gbé e sí nílé-iṣẹ́ tó ṣe é. Kí Bàbá Ìbejì gbé e lọ fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kí ó bá a pààrọ̀ bátìrì, kí ó tún ọjọ́ àti wákàtí tò, kí ó sì nu òróró náà kúrò, pàápàá níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi í ṣẹ̀sín jù, nítorí irú rẹ̀ ti ṣe àwọn tó gbọ́n jù ú lọ. Lóru ọjọ́ 3 mọ́jú ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ọjọ́ pé lórí ìwé ẹ̀rí kan tí Mozilla, àjọ tó ni Firefox, fi ń fọwọ́ sí àfikún, kò sì sẹ́ni tó ti sọ ọ́ di tuntun, ni Firefox bá pa àfikún àwọn ènìyàn káàkiri ayé, kò sì jẹ́ kí wọ́n fi òmíràn sí i, títí àtúnṣe fi dé. Àwọn kan dọ́gbọ́n, wọ́n dá aago kọ̀ǹpútà wọn padà sẹ́yìn kí ìwé ẹ̀rí náà lè tún yè, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ forí lé ibi tí Bàbá Ìbejì ti ń sá bọ̀.

Ìyá kan tí wọ́n ń ta aṣọ ní Gbági, Ìbàdàn, kọ̀wé pé láti ìgbà tí àwọn ti kírun Iṣáì tán títí di ọ̀gànjọ́ ni àwọn fi wá bọ́tìnì àfikún lórí Chrome inú fóònù Android àwọn, pé ọmọ àwọn tó wà ní yunifásítì sì ń búra pé ó wà níbẹ̀. Ọmọ náà kò parọ́, orí kọ̀ǹpútà ni ó ti rí i. Chrome orí fóònù kì í gba àfikún rárá. Àwọn kan á ní kí Ìyá lọ yan ibi tó máa mú kí ojú ìwé jáde bíi ti kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n aṣọ ni fóònù pààrọ̀ nígbà yẹn, kò pààrọ̀ ara. Firefox orí Android ni kí Ìyá fi sí i, nítorí pé láti oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Mozilla ti ṣílẹ̀kùn ibẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún àfikún, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí wọ́n ń ṣà wọlé tẹ́lẹ̀, uBlock Origin tó ń dènà ìpolówó sì wà lára wọn. Ní ti ọmọ náà, kí wọ́n jẹ́ kí ó gúnyán lọ́jọ́ Sátidé mẹ́ta léraléra, kí ó lè mọ̀ pé ẹni tó bá júwe ọ̀nà ló yẹ kó kọ́kọ́ bi onírìn-àjò bóyá ẹsẹ̀ ló ń fi rìn tàbí mọ́tò.

Ẹ̀sùn kẹta ló burú jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba fáìlì kan lórí WhatsApp, orúkọ rẹ̀ parí sí .crx, ìyẹn ni pé àfikún Chrome tí wọ́n dì bí ẹrù ni, ẹni tó fi ránṣẹ́ sì sọ pé á máa sọ dátà di ọ̀fẹ́. Nígbà tó fẹ́ fi í sí i, CRX_REQUIRED_PROOF_MISSING ni Chrome kọ, òun sì ń béèrè bí òun ṣe lè pa Chrome lẹ́nu mọ́. Ẹ̀rí tí Chrome ń wí ni ìbuwọ́lù ìsọ̀ rẹ̀, àmì tó ń fi hàn pé ẹrù náà gba ẹnu ibodè kọjá. Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ àfikún fúnra wọn kí wọ́n lè dán iṣẹ́ wọn wò, ṣùgbọ́n kí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí tó gbà á, ìmọ̀ràn olùdáhùn ni pé kí ó mú káàdì báńkì rẹ̀, kí ó kọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sẹ́yìn, kí ó gbé e kọ́ sẹ́nu géètì, nítorí pé ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ máa já sí, èyí kò sì ní ná an ní dátà kankan. Àfikún tó bá béèrè àṣẹ láti ka gbogbo ohun tó wà lórí gbogbo ojú ìwé, kí ó sì lè yí i padà, yóò rí ojú ìwé báńkì bí ẹni tó ni ín ṣe ń rí i. Èyí tó ti inú ìsọ̀ wá pàápàá ń gba ìfura: The Great Suspender, tó ń mú kí ojú ìwé tí wọn kò lò sùn kí kọ̀ǹpútà lè mí, ní oníbàárà tó ju mílíọ̀nù 2 lọ, ṣùgbọ́n lọ́dún 2020 ẹni tó ṣe é tà á fún ẹni tí aráyé kò mọ̀, nígbà tó sì di oṣù Kejì ọdún 2021, Google yọ ọ́ kúrò, ó ní ètò burúkú ti wà nínú rẹ̀. Bí ìyá onímoínmoín bá ta ìsọ̀ rẹ̀, orúkọ ìsọ̀ lè má yí padà, ẹ̀wà ni ó ń yí padà.

Òṣìṣẹ́ kan tó fẹ́ àfikún tí á máa fi bọ́ọ̀lù hàn ní igun ojú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì rí i kà pé alákòóso ti dí i. Ọlọ́jà kò ní kí ó má náà: kí ó gbé sùúyà tọ ẹ̀ka tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà lọ, kí ó má dárúkọ bọ́ọ̀lù, bí wọn kò bá sì gbà, kí wọ́n jọ jẹ sùúyà náà tán. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tara ẹni, tí kò ní ọ̀gá kankan, ni Chrome ń sọ pé àjọ kan ló ń ṣàkóso rẹ̀, ọ̀rọ̀ kúrò ní ẹ̀rín, nítorí pé ètò burúkú máa ń fi òfin bẹ́ẹ̀ pamọ́ kí wọ́n má baà lè yọ ọ́. Kí onítọ̀hún tẹ chrome://policy síbi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí, kí ó wo òfin tó wà níbẹ̀, kí ó sì fi ètò tó ń pa kòkòrò kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo rẹ̀ wò.

Ẹni tó kọ̀wé gbẹ̀yìn, tó fọwọ́ sí i ní Sùúrù-Ti-Tán, ti yọ àfikún kan, ó sì ti tún un fi sí i lẹ́ẹ̀méje, nítorí pé òun kò rí i lókè níbi tó yẹ kó wà. Ìgbà àkọ́kọ́ ló ti wọlé. Chrome máa ń kó àfikún pamọ́ sábẹ́ àmì kékeré kan tó dà bí ẹyọ kan lára àwòrán tí àwọn ọmọdé máa ń tò pọ̀. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, yóò rí orúkọ àfikún náà àti píìnì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ó bá sì tẹ píìnì náà, àfikún á jókòó sójú táyé. Ìyàwó rẹ̀, tó fi ìwé tirẹ̀ sínú àpòòwé kan náà, fẹ́ mọ̀ bóyá irú píìnì bẹ́ẹ̀ wà fún kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.